Fọ́ọ̀mù Tí Mo Tún Kọ

Ọjọ́bọ, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ méjì péré ni mo gbà ní ìka awakọ̀ ojú omi Ìpakodò yẹn, ẹ̀rọ sì rí igbó nínú ẹ̀. Àmọ́ èyí tó ń pani bí ọtí ti tán. Àṣẹ́kù tó máa ń pẹ́ lára nìkan ló kù. Òun náà ti ní ọjọ́ Sátidé lòun mu ún.

Mo kọ ìyẹn sétí fọ́ọ̀mù. Ọ̀gá wa ní yàrá àyẹ̀wò ní kí n tún òmíràn kọ, pé "ó wà" tàbí "kò sí" ni iléeṣẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ bi wá.

Mo kọ "ó wà". Wọn ò ní jẹ́ kó wakọ̀ mọ́.

Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú àpòòwé, mo gbé e fún un. Kò tíì ṣí i tó fi ní, "Ẹ ṣé, àǹtí. Ẹ̀rọ ò ní parọ́ mọ́ mi."

Mo ti jẹ ẹ̀bà. Mi ò mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Ẹ̀rọ ò kúkú parọ́.