Súwẹ́tà Tí Mo Ń Wọ̀ Fún Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti ìyá ọkọ rẹ. Ìyá rẹ ń kí yín. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn tún ń jò, a ti gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀.

Má jáyà o, ọmọ rẹ tó wà lọ́dọ̀ wa ń jẹun, ó sì ń ṣeré. Ṣùgbọ́n nǹkan wẹ́wẹ́ sú sí i lára láti ọrùn dé abíyá, èmi ni mo sì fà á. Bí òjò bá ti ṣú, mo máa ń fi ìpara tó ki pa á lára, n ó wọ súwẹ́tà fún un, kí òtútù má baà mú un. Ooru kò sì lọ. Ìyá rẹ ní kí n bọ́ ọ, mo ní ọṣẹ tó fi ń wẹ̀ ẹ́ ló burú.

Nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bọ́ súwẹ́tà náà, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ se ọmọ yìí jẹ ni?" Ojú tì mí. Ó ní ká máa fi omi tútù wẹ̀ ẹ́, ká nu ọrùn àti abíyá rẹ̀ gbẹ, ká wọ aṣọ fẹ́lẹ́ fún un. Nǹkan wẹ́wẹ́ náà ti ń lọ sílẹ̀.

Ìyá rẹ kò bá mi jà, àmọ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan tówẹ̀lì ọmọ mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ ẹ́. Olúwa yóò máa ṣọ́ yín.

Mo ti ti súwẹ́tà náà mọ́ àpótí, mo sì fún ìyá rẹ ní kọ́kọ́rọ́, nítorí òjò tún ti ń ṣú, n kò sì fọkàn tán ara mi.

Èmi ni, bàbá rẹ.