Orúkọ Mọ́kànlá Tí Bàṣírù Kọ

                                        Zongo, Sokodé,
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù kìíní, ọdún 2004.

Àdìgún, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kú ọyẹ́ o, kú iṣẹ́ oko. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ńkọ́? Sìkírátù, ìyàwó Bàṣírù àbúrò rẹ olóògbé ńkọ́, òun àti Àmínà ọmọ rẹ̀? Mo gbọ́ lẹ́nu àwọn tó kó iṣu wá sí ọjà níbí pé iṣu Kambolé ta dáadáa lásìkò yìí. Inú mi dùn. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ikọ́ eruku tí ọyẹ́ gbé wá. Sàúdátù ìyàwó mi ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń bínú sí mi. Wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Àdìgún, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì fà á ya. Èyí ni màá fi ránṣẹ́, bó ti wù kó rí. Ohun kan sọnù lọ́wọ́ mi, ohun yín ni, kò sì yẹ kó o dé ibí nígbà Iléyá kó o tó gbọ́.

O mọ kọ̀ǹpútà tí èmi àti Bàṣírù jọ rà ní Lomé, lára àwọn àlòkù tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀. Òun ni mo fi ń jẹun. Lórí rẹ̀ ni àwọn géńdé Zongo ti ń gbá bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Láti ìgbà tí Bàṣírù ti kú ni ẹ̀rọ náà ti di arúgbó. Bí o bá tàn án, o lè ṣe àlùwàlá, kó o kírun, kó o tún jókòó, kò tíì jí. Bí bọ́ọ̀lù bá wá dé ojú ilé báyìí, gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù á dúró gbagidi bí ẹni tí ṣọ́jà dá dúró lójú ọ̀nà. Ẹnì kan wá ṣí ṣọ́ọ̀bù tuntun lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Tirẹ̀ ń sáré. Àwọn oníbàárà mi bá tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, èmi àti eṣinṣin nìkan la wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Kò sí owó lọ́wọ́ mi ju owó tí mo fẹ́ fi ra àgbò Iléyá lọ. Òun ni mo kó lọ bá Àlájì Fàtáì, ọmọ Nàìjíríà kan tó ń ta àlòkù ẹ̀rọ ní ọjà. (Ìdí ìbínú Sàúdátù nìyẹn.) Àlájì tú ikùn ẹ̀rọ náà, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní ẹni tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ohun tó ṣe kókó ni kó mú, kó fi ìyókù sílẹ̀. Ó ní ká fi bárẹ́tì kan kún un, irin pẹlẹbẹ kan tí yóò jẹ́ kó máa yára. Ó ní ká sì pààrọ̀ dísìkì rẹ̀, àpótí kékeré tí ẹ̀rọ ń kó gbogbo ohun tí a bá kọ sínú rẹ̀ pamọ́ sí. Ó ní tàtijọ́ ti kún, eré bọ́ọ̀lù tuntun ò ní ráyè wọ ibẹ̀.

La bá bẹ̀rẹ̀ sí í nájà. O ṣáà mọ̀ mí. Ìyá mi ló kọ́ mi pé ẹni tó bá san iye tí ọlọ́jà kọ́kọ́ pè, ọ̀lẹ ni. Mo dìde lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó ń lọ, Àlájì pè mí padà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó kù díẹ̀ ká bára mu, ó ní kí n fi dísìkì àtijọ́ lé owó náà, òun á gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Gbà!" Mo tún rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi, irin tó ti kú ni mo fi gba ẹ̀dínwó. Wọ́n ní a kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi lá a, mo tún pọ́n ìka lá.

Kí n má purọ́, ẹ̀rọ náà jí. Ó ń sáré, àwọn oníbàárà sì padà. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn wá nǹkan kan lójú ẹ̀rọ títí, ó ní, "Mọ́rúfù, Kambolé dà?" Háà! 

Àdìgún, àwọn orúkọ! Ìwọ náà rántí bí Bàṣírù ṣe jókòó fún odindi oṣù mẹ́ta, tó pa orúkọ àwọn òyìnbó agbábọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ náà rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi ìnagijẹ ẹ̀yin mọ́kànlá tí ẹ jọ ń ṣe àáró, tí ẹ jọ ń kọ ebè lóko ara yín, rọ́pò wọn, tó sì pe ẹgbẹ́ náà ní Kambolé. Ìwọ ni Ògiri tó ń dènà níwájú aṣọ́lé, tí bọ́ọ̀lù kì í kọjá. Jẹ́jẹ́layé, tí kì í yára lọ síbi kankan, òun ló fi sí iwájú, ó sì jẹ́ kó sáré ju gbogbo yín lọ. O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ nígbà Iléyá tó kọjá. Lẹ́yìn náà lo ní bí Àmínà bá ti mọ̀wé kà, ká fi iṣẹ́ ọwọ́ bàbá rẹ̀ hàn án. Mo ṣèlérí fún ọ. Ohun tí mo fi gba ẹ̀dínwó nìyẹn.

Mo sáré padà lọ bá Àlájì. Ó ti ta dísìkì náà fún Àmúdà, ọkùnrin kan tó ń tẹ lẹ́tà fún àwọn èèyàn ní Tchamba. Mo gun ọ̀kadà lọ. Àwọn ṣọ́jà dá wa dúró lọ́nà, mo fún wọn ní ohun tí wọ́n ń jẹ. Èèyàn dáadáa ni Àmúdà. Ó fi oníbàárà sílẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ fún mi, a jọ wò ó. Ó ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ kó tó lò ó. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ẹ̀." Àdìgún, mo sunkún lójú ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ó bu omi fún mi, ó jókòó tì mí títí mo fi lè dìde.

Mi ò di ẹ̀bi ru Àlájì. Èmi ni mo jẹ̀bi. Jọ̀ọ́, forí jì mí.

Sìkírátù ti ránṣẹ́ sí Sàúdátù pé nígbà tí àáró kan Bàṣírù lẹ́ẹ̀rùn yìí, gbogbo yín gbé ọkọ́ lọ sí oko rẹ̀, ẹ kọ ebè rẹ̀ pé fún òun, bí ẹni pé ó wà láyé. Nígbà tí mo gbọ́, ojú tì mí. Ló bá di pé èmi nìkan ni mi ò ṣe nǹkan kan fún un. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn orúkọ náà padà. Mo rántí mẹ́sàn-án. Aṣọ́lé àti ẹni tó wà lápá òsì ni mi ò rántí, torí mo ti kúrò ní Kambolé kí àwọn méjèèjì tó wọ àáró. Bi wọ́n léèrè ohun tí ẹ ń pè wọ́n lóko, kó o fi ránṣẹ́.

Ó ku ẹyọ kan. Bàṣírù ò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀ rí. Ó ní ẹni tó pe àáró, oúnjẹ ló ń wá fún àwọn tó wá, kì í ka ara rẹ̀ mọ́ wọn. Àyè ẹnì kejìlá, àrọ́pò tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, ṣì wà nínú ẹ̀rọ náà, mi ò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì kí gbogbo àwọn aláàáró. Má tíì sọ fún Sìkírátù, èmi fúnra mi ni màá sọ fún un. Adìyẹ la ó jẹ ní Iléyá o, má retí àgbò. Ṣùgbọ́n mú Àmínà dání. O ní ó ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ ní ilé ìwé. Màá gbé e jókòó síwájú ẹ̀rọ náà, òun ni yóò tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ sí àyè yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní ẹlòmíràn bí ìwọ,
Mọ́rúfù