Wọ́n Ń Pe Ọmọ Yín Ní Onírùngbọ̀n ní Atakpamé

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ìmójútó gbogbo wa. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá, mo sì kí ẹ̀gbọ́n mi àtàwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ má bínú pé mo pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mi ò fẹ́ kọ lẹ́tà ẹkún sí yín, mo ní kí ayọ̀ kọ́kọ́ dé.

Òwúrọ̀ tutù níbí, ìkùukùu a máa bo orí òkè. Èdè Ifẹ̀ ti Tógò níbí ni onílé mi ń sọ, ó jọ tiwa débi pé mo máa ń rò pé mo gbọ́, kó tó já mi sílẹ̀. Àárò yín ń sọ mí gan-an.

Kọ̀ǹpútà iléèwé ìkọ́ṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ti darúgbó, Windows ti wúwo jù fún wọn. Màdáámù, ọ̀gá wa, ní bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ Ẹtì, òun á ti kíláàsì mi pa, kí n máa bọ̀ nílé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó fúyẹ́ ju Windows lọ, darí wọn, Màdáámù sì gbà. Kójó, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó fi Windows ṣe ẹ̀sìn, bá sọ mí ní onírùngbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn elédè Faransé ń pe ẹni tó bá rì sínú irú ẹ̀, wọ́n ní kì í ráyè fá irùngbọ̀n. Gbogbo iléèwé bá a gbé orúkọ náà. Èmi náà pè é ní ẹrú Windows, a ò sì jọ jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Bàbá. Ẹ̀yin tí ẹ ò jẹ́ gun alùpùpù míì yàtọ̀ sí oríṣi kan ṣoṣo látìgbà èwe yín, ta ni mo fi jọ?

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màdáámù wọlé, gbogbo kọ̀ǹpútà tàn wẹ́rẹ́. Mo ní káwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ páásíwọ́ọ̀dù tí mo fún wọn. Kò gbà. Wọ́n tún un tẹ̀, kò gbà. Mo ti ń rí ara mi nínú ọkọ̀ tó ń bọ̀ nílé ní Ṣakí. Kójó ló dìde. Ó wo kíbọ́ọ̀dù, ó ní ṣé mo ti gbàgbé pé Tógò la wà ni. Òótọ́ ni. Ètò kíbọ́ọ̀dù Nàìjíríà tó mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo ṣe sí wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà ò tò báyẹn níbí. Bí ọmọ bá tẹ A, Q ni kọ̀ǹpútà ń gbà. Mo tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn sì ṣí.

Bàbá, mo borí. Inú mi dùn débi pé mo jó níwájú Màdáámù. Kíláàsì mi dúró, Màdáámù tún fi ọdún méjì kún iṣẹ́ mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Kójó níṣojú gbogbo wọn, nítorí pé láìsí i, ilé ni ǹ bá wà. Lówùúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ó gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wá, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú láàárín àwọn ọmọ, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ẹ pẹ́ jẹ èrè wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà, ẹ sọ fún wọn pé mi ò tíì máa bọ̀ nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́