Ìlà Àwọn Ọmọ Olúgbádé

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ìjẹ̀bú,
                                        Ọ̀wọ̀, Ìpínlẹ̀ Òǹdó.
                                        10 Oṣù Kọkànlá, 2024.

Abigail, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ lórí ikú bàbá mi, o ṣeun. Má bínú pé mi ò pè ọ́ padà. Ohùn mi ni kò dúró, ni mo ṣe ní kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀.

O mọ̀ pé tíṣà ni bàbá mi ní Idogun nígbà tó bí mi, kó tó padà sí Iyere wá gbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò fi mí pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ètò ìsìnkú jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ mi ló gbẹ̀yìn, lẹ́yìn àbígbẹ̀yìn tí mo fẹ̀yìn pọ̀n! Ìlà yẹn náà ni wọn yóò fi pe àwọn ọmọ láti bu erùpẹ̀ lẹ́bàá isà, ẹ̀gbọ́n ṣáájú àbúrò. Ignatius, àbúrò mi ọmọ bàbá, ló tò ó. Ó ní ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn òrùka ni àkọ́bí. Inú bí mi débi pé mo ní n kò ní débẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, kíkà Bíbélì òwúrọ̀ bọ́ sí Mátíù orí kìíní. Ibi tí èmi àti ìwọ máa ń fò ní Sunday School nìyẹn: lágbájá bí tàmẹ̀dù, tàmẹ̀dù bí làkásègbè. Mo fẹ́ fò ó náà, àfi bí ojú mi ṣe bọ́ sórí Támárì. Ẹni tó bímọ fún bàbá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ gbangba yẹn! Mo tún rí Ráhábù aṣẹ́wó, mo rí Rúùtù àjèjì, mo rí aya Ùríà tí Dáfídì gbà. Ìdílé Jésù fúnra rẹ̀! Ọlọ́run kò fi ìkankan nínú wọn pamọ́. Ọ̀nà kan ò kúkú wọ ọjà. Mo sunkún, mo rẹ́rìn-ín, mo sì dìde lọ lọ aṣọ dúdú mi. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o.

Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́bàá isà, Fíkà, àlùfáà tó ń ṣe ìsìnkú náà, pe Ignatius. Mo bọ́ síwájú kó tó gbẹ́sẹ̀. Ó di apá mi mú, ó ní kí n má dójú ti ìdílé. Mo wo ìyá mi lẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti fún un ní àga. Ó ń juwọ́ sí mi pé kí n padà. Fíkà, tí kò mọ̀ mí, béèrè pé ta ni mí.

Mo ní, “Ṣèyíọlá ni mí, àkọ́bí Olúgbádé, tí Theresa ará Idogun bí fún un.”

Mi ò fi “màmá” sí i. Bí wọ́n ṣe dárúkọ Támárì ni mo ṣe dárúkọ rẹ̀. Ignatius tú apá mi sílẹ̀, mo sì bu erùpẹ̀ sórí bàbá mi. Títí di ìsinsìnyí, kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Bá mi kí gbogbo ará ilé. Ìyá mi ní kí n kí ọ. Àtàná ló ti ń ní kí n tún gbólóhùn tí mo sọ lẹ́bàá isà yẹn sọ fún òun. Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Ṣèyíọlá