Jìtá Àkànbí Tó Dákẹ́

Ifẹ̀-Ọ̀dàn, lọ́nà Èjìgbò,
Ọjọ́ Jímọ̀ kejì nínú oṣù kọkànlá.

Ọláwálé ọmọ mi,

Mo kí ọ, o kú iṣẹ́, o kú wàhálà ọ̀nà Èkó tí o ń tọ̀ láràárọ̀. Ọlọ́run Ọba tó ti ń ṣọ́ ọ láti ìgbà tí o ti kúrò lọ́wọ́ mi kò ní gbàgbé rẹ síbẹ̀. Bí o bá fẹ́ mọ̀ nípa tèmi, ara le díẹ̀, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, inú mi ni kò dùn, òun ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. N kò fi fóònù sọ ọ́, nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ìwọ náà á sì ní ọ̀gá rẹ ń pè ọ́.

Ilé ò burú. Iṣu ta lọ́dún yìí, a ti ń wa á. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Bàbá Fábọ̀sẹ̀ tí a jọ pín ògiri ní kí n kí ọ, ó tún bi mí bóyá o ti rí ìyàwó, mo ní kó bi ọ́ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ jìtá Àkànbí ni mo fẹ́ sọ. O mọ̀ pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ kú sí Àbíjàn ní ọdún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti sin ín kí ìròyìn tó kàn wá, nítorí Mùsùlùmí kì í fi òkú rẹ̀ pamọ́. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹbí ló yẹ kó wẹ òkú, kò sì sí ọwọ́ ẹbí kankan níbẹ̀, àjèjì ló wẹ̀ ẹ́, àjèjì ló gbé e. Ohun tó délé nínú ẹrù rẹ̀ kò ju jìtá oníná yẹn àti àpótí sípíkà rẹ̀ lọ. Kàsímù ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló gbé e bọ̀ lẹ́yìn Iléyá tó kọjá, orí itan ló gbé e lé láti Àbíjàn dé Èjìgbò.

Mo ní kí Kàsímù tàn án kí n lè gbọ́ ohun tí ọmọ mi fi ń jẹun. Ó ki wáyà rẹ̀ bọ iná, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ùùùù, kò mí. Òun ni mo ṣe ránṣẹ́ sí ọ pé ariwo rẹ̀ pọ̀. Ìwọ náà fi ohùn rẹ ránṣẹ́ padà sínú fóònù. Mo kí ọ, mo ní iṣẹ́ ńkọ́, o ò dá mi lóhùn, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Inú bí mi, mo ní ọmọ tí mo bí ló ń sọ̀rọ̀ lé mi lórí báyìí. Ìgbà tí mo tún tẹ̀ ẹ́, o tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan náà látìbẹ̀rẹ̀. Mo ṣáà ṣe gbogbo ohun tí o wí. O ní kí n gbé e jìnnà sí fíríìjì, mo ní kí wọ́n bá mi gbé fíríìjì síta, àwọn adìẹ ti ń sùn lórí rẹ̀. O ní kí n pa iná gbọọrọ tó wà ní àjà, mo pa á. O ní kí n mú ṣájà fóònù kúrò nítòsí, mo kó fóònù àti ṣájà lọ sílé Bàbá Fábọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi pè mí fún ọjọ́ mẹ́ta tí o ò bá mi. O ní kí n yí ojú rẹ̀ síbòmíràn, mo kọjú rẹ̀ sí gábàsì bí a ṣe ń kọjú òkú, mo rò pé ohun tí o ní lọ́kàn nìyẹn. Ó sì dínkù díẹ̀ lóòótọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbé ọwọ́ lé okùn rẹ̀ láti nu eruku, ló bá dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún gbé e padà, ó dákẹ́. O ò tíì dáyé nígbà náà, ṣùgbọ́n bí Àkànbí ṣe rí lọ́mọ ọwọ́ nìyẹn. Á ké títí, kò fẹ́ ọmú, kò fẹ́ orin, àfi kí n tẹ́ ọwọ́ lé àyà rẹ̀. Mi ò sọ pé òun ló wà nínú rẹ̀ o, Mùsùlùmí ni mí, mo mọ ibi tí òkú ń lọ. Ọwọ́ tí kò rí gbà ní Àbíjàn ni mo ní mò ń fún un nílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí iná bá ti dé lọ́sàn-án, màá tàn án, màá gbé ọwọ́ kan lé e, màá fi ọwọ́ kejì jẹun. Ojú tì mí láti sọ fún ọ.

Ìwọ ní tìrẹ rò pé ariwo ṣì ń dà mí láàmú, o rán Bàṣírù tó ń tún rédíò ṣe ní Èjìgbò sí mi. Oko ni mo wà. Bàbá Fábọ̀sẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un. Kí n tó dé, ó ti tú ikùn jìtá, ó ti lẹ bébà dídán mọ́ gbogbo inú rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń di ẹja yíyan, ó ti ri ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó fa wáyà láti ibi tí a ń ki iná sí lọ síbẹ̀. Ó tàn án fún mi tẹ̀rín-tẹ̀rín, ó ní kí n gbọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ kúrò, ó dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fún un ní iṣu mẹ́ta, ó lọ, mo wá jókòó sórí ẹní, mo sunkún bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ túfọ̀ fún mi.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá dá ariwo náà padà. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan ò tíì bẹ òun pé kí òun wá ba ohun tí òun tún ṣe jẹ́, àti pé bí òun bá yọ irin yẹn, iná lè gbé mi, kí ni òun yóò wí fún ọ. Ó ní kí n kàn máa rántí bu omi sí ìdí irin náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá gbẹ, ariwo lè padà.

Kò mọ ohun tó sọ fún mi. Òjò ti dáwọ́ dúró láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mi ò bu omi kankan síbẹ̀. Lánàá, Bàbá Fábọ̀sẹ̀ fẹ́ da omi ìfọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ògiri, mo jágbe mọ́ ọn, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti ń dàrú.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀, ọmọ mi. Mo fẹ́ owó iná, nítorí bí ilẹ̀ bá gbẹ tí kò sí iná, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó ti padà? Má fi rán báńkì. Ọjọ́ tí o fi rán wọn kẹ́yìn, ọmọbìnrin ibẹ̀ ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ náà ní òun ò mọ̀ mí, ọmọbìnrin náà ní bíbó ẹ̀gẹ́ ti jẹ ojú ìka mi tán. Ó dùn mí. Mú owó náà wá fúnra rẹ. Láti ọjọ́ fídáù ẹ̀gbọ́n rẹ ni mi ò ti fọwọ́ kàn ọ́, àárín àjèjì ni ìwọ náà sì ń gbé.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìròyìn rẹ délé ṣáájú rẹ. Ọ̀nà tí o bá lọ, ẹsẹ̀ rẹ ni wàá fi bọ̀. Ọwọ́ mi lo ti jáde, ọwọ́ mi ni wàá bá nílé, láṣẹ Ọlọ́run. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣàkẹ́.

Mo tàn án kí n tó pa ìwé yìí dé. Ó ṣì dákẹ́. Mo gbé ọwọ́ lé e bẹ́ẹ̀ náà.