Ọjọ́ Òní Náà Ọjọ́ Ni

Òkòrun,
Ìkàrẹ́-Àkókó.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Sí Màmá mi ọ̀wọ́n, Màmá Òkìkíọlá,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìkàrẹ́. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu báyìí? Mo gbàdúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, kí ẹ sì ti jẹun, torí mi ò fẹ́ kí ẹ ka ohun tí mo kọ síbí pẹ̀lú ebi nínú. Ara tiwa náà le, a dúpẹ́. Àmúsà ọkọ mi ní kí n kí yín. Hafsoh ti ń rìn, ó sì ti fọ́ àwo méjì.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín pé Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà kò jìnnà lórí ọ̀kadà, mo sì wá jókòó tí mò ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó wà ní Mẹ́kà. Màmá, mo ti gbìyànjú láti wá. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo dé oríta, mo yí padà. Lọ́jọ́rú, mo tilẹ̀ dé iwájú ilé yín ní Ìwàrò. Ẹ ń sá láfún, ẹ kọ ẹ̀yìn sí títì. Ọlọ́kadà bi mí pé ṣé ibí ni, mo ní kó máa lọ. Èpìnmì ni mo ti wá sọ̀ kalẹ̀, níbi tí mi ò mọ ẹnì kankan. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mi ò fẹ́, mo sì gba ọ̀nà ibòmíràn padà sílé kí ẹ má baà rí mi. Ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti fóònù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ nọ́ńbà yín tí mo pa á kó tó dún. Ìwé nìkan ni mo rí tí kò ní wò mí lójú.

Ohun tó ń lé mi kiri nìyí. Ẹgbẹ́ kan wà ní Èkó tó máa ń fún àwọn ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní àmì-ẹ̀yẹ lọ́dọọdún, àwọn tó fi ẹ̀rọ mú nǹkan tuntun wọ inú okòwò. Ọ̀gá Akóredé ilé-iṣẹ́ wa ló ní kí n gba fọ́ọ̀mù wọn, mo sì kọ ọ́ lóṣù kẹjọ. Àwa tó kọ ọ́ lé ní igba. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni wọ́n kọ̀wé sí mi pé ó ku àwa mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní báńkì ńlá kan, èkejì wà ní ilé-iṣẹ́ tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun, ẹ̀kẹta sì ni Limota Badmus ti ilé-iṣẹ́ Ìkórè Wa, Ìkàrẹ́-Àkókó. Mo ka orúkọ mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo pariwo débi pé Hafsoh bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Inú mi dùn, Màmá, mi ò ní purọ́ fún yín. Láti kékeré ni mo ti ń fẹ́ kí wọ́n pe orúkọ mi níbi tí èèyàn pọ̀ sí.

Ayọ̀ yẹn kò ju ọjọ́ kan lọ. Lọ́jọ́ kejì, mo tún fọ́ọ̀mù náà kà, mo dé ìbéèrè keje: níbo ni ẹ ti rí ọgbọ́n tí ẹ fi ṣe iṣẹ́ yìí? Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìwádìí tí èmi fúnra mi ṣe ni. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí ara gbé sójú kan. Mo jó ẹ̀wà lẹ́ẹ̀mejì. Mo bẹ̀rẹ̀ ìrun, mo gbàgbé iye rákà tí mo ti kí. Bí mo bá jókòó, mo fẹ́ dìde. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ. Àmúsà bi mí bóyá èèrà wà lórí àga ni.

Èmi àti ẹ̀yin la mọ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́, torí mi ò tíì fẹnu ara mi sọ ọ́ rí. Nígbà tí mo gbé ẹ̀rọ tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù náà dé ilé-iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn àgbẹ̀ pé ọkọ̀ wa ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà wọn, kí wọ́n kó iṣu àti ata jáde kí a lè rà á. Mo bi àwọn ará Ògbàgì pé ìgbà wo ni wọ́n máa ń ná ọjà, wọ́n ní ọrọọrún ni. Mo tẹ márùn-ún sínú kọ̀ǹpútà. Èmi tí ìyá tó bí mi ná ọjà Ìkàrẹ́ títí ó fi kú! Yunifásítì ló kọ́ mi pé láti ọ̀la ni èèyàn ti ń ka ọjọ́. Bí ọkọ̀ wa ṣe dé Ògbàgì nìyẹn lọ́jọ́ kejì tí ọjà ti tú. Nígbà tó tún lọ, ó fi ọjọ́ méjì pẹ́. Uthman dírẹ́bà pè mí láti ibẹ̀, ó ní, “Madam, market don scatter since. Na only goat dey here o.” Ata tí wọ́n já dè wá ti rà sínú apẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá àṣìṣe náà nínú ẹ̀rọ. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní àwọn àgbẹ̀ ni kò mọ fóònù lò. Ẹ̀yin jókòó sí tábìlì yín ní ọ́fíìsì wa, ẹ ń bó ọsàn, ẹ kò sọ nǹkan kan títí mo fi fi ìtìjú sápá kan tí mo wá bi yín. Ẹ na ìka ọwọ́ márààrún, ẹ sì kọ́kọ́ tẹ àtàǹpàkò. Ẹ ní, “Limota, ọjọ́ òní náà ọjọ́ ni. Òun ni kí o kọ́kọ́ kà.” Mo padà sídìí ẹ̀rọ, mo yí márùn-ún sí mẹ́rin. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkọ̀ ti ń bá ọjà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ fún mi ní ìwé yín, ìwé eléwé ọgọ́ta tí ẹ fi bébà kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì bò lẹ́yìn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ fi kọ ọ́. Ọjọ́ ọjà Afin wà níbẹ̀, ti Òkè-Àgbè wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí ìlú kọ̀ọ̀kan kì í lọ oko. Ẹ kọ orúkọ àwọn àdúgbò tí wọn kì í ta iṣu kí wọ́n tó ṣọdún. Ẹ kọ ti ìyá kan tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ ni kí a pè, torí èdè ìlú wọn nìkan ló gbọ́. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, láti ojú ewé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ohun tí àwọn ará Èkó ń pè ní ọgbọ́n tuntun, Màmá, ìwé yín ni.

Mo ti dé ibi tó ń dùn mí jù báyìí. Lóṣù kìíní ọdún yìí, Ọ̀gá Akóredé pè mí sí yàrá ìpàdé, ó bi mí pé, “Ǹjẹ́ iṣẹ́ kankan ṣì kù tó jẹ́ Màmá nìkan ló lè ṣe é?” Mo ní, “Kò sí, sà.” Wọ́n sọ fún yín pé ilé-iṣẹ́ ló ní kí ẹ lọ sinmi. Èmi ni. Ǹ bá sọ pé mi ò mọ̀ pé wọ́n á ní kí ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀. Mo wá bá yín gbé páálí ẹrù yín dé ẹnu géètì, ẹ sì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní kí Ọlọ́run gbé mi ga. Àdúrà yẹn ló ń gbà yìí, òun náà ló ń gún mi bí ẹ̀gún.

Ẹ̀rọ náà alára ti fi mí hàn ní òpùrọ́. Lóṣù tó kọjá, ìjòyè àgbà kan papò dà ní Òkè-Àgbè, wọn kò sì ná ọjà. Gbogbo ìlú ló mọ̀, kọ̀ǹpútà nìkan ni kò mọ̀. Ó rán ọkọ̀ méjì lọ. Láti àná ọjọ́ náà ni àwọn ìyá ti ń pè wá, tí wọ́n ń béèrè yín, Màmá Oníwèé, kí wọ́n lè sọ fún yín. Ẹni tó gbé fóònù ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbí mọ́, wọ́n sì pa fóònù wọn. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, ọjọ́ náà ni mo tó mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń pa á fún.

Nítorí náà, lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí mo ti ti Èpìnmì dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi, mo kọ̀wé sí àwọn adájọ́ ní Èkó. Mo sọ òtítọ́ ìbéèrè keje fún wọn. Mo ní orúkọ méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, orúkọ yín, Christiana Ládélé, ló sì gbọ́dọ̀ ṣáájú. Obìnrin kan pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ohùn rẹ̀ tutù, kò bínú. Ó ní aṣíwájú kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún, àti pé ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ kò lè gbà á. Mo ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ tèmi náà kúrò. Lẹ́yìn náà ló ní àwọn á ṣì wá sí Ìkàrẹ́ wá ya fídíò bí àwọn ṣe ṣètò rẹ̀, àwọn á fojú ara àwọn rí i, àwọn á wá pinnu. Kò ṣèlérí kankan fún mi.

Ọ̀gá Akóredé kò tíì dá mi lóhùn dáadáa láti ìgbà tí mo sọ fún un. Ó bi mí pé ta ló ń fún ìwé eléwé ọgọ́ta ní àmì-ẹ̀yẹ. Ó ní mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi dójú ti ilé-iṣẹ́. Mi ò bá a jiyàn. Mo kàn sọ fún un pé bó bá tún bi mí ní ìbéèrè oṣù kìíní, ìdáhùn mi ti yí padà. Ó ní òun ti gbọ́. Bóyá ó gbọ́ lóòótọ́, bóyá ó kàn fẹ́ kí n jáde ni, mi ò mọ̀.

Màmá, ẹ̀bẹ̀ mi nìyí. Ẹ wá jókòó sí tábìlì yín lọ́jọ́ tí àwọn adájọ́ bá dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí ẹni tó ni ọgbọ́n náà, kí wọ́n rí bí ìka yín ṣe ń ka ọjà. Bóyá wọ́n á fún wa, bóyá wọn kò ní fún ẹnikẹ́ni nínú wa, ṣùgbọ́n wọn kò ní padà sí Èkó pẹ̀lú irọ́ tí mo pa. Ìwé yín wà nínú àpò tí Uthman gbé wá, ó ti pẹ́ jù lọ́wọ́ mi. Bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ mú un dání. Bí ẹ kò bá fẹ́ rí ojú mi, mo gbà, ẹ fi ìwé náà pamọ́, kí ẹ má sì yá ẹnikẹ́ni mọ́, pàápàá jù lọ àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ kí èèyàn dáadáa.

Kí Ọlọ́run Ọba fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ara líle. Kí Òkìkíọlá gbé oúnjẹ wá fún yín, kí ẹ jẹ ẹ́ pẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yín kò ní jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn mọ́. Ẹ foríjì mí. Mi ò ní kí ẹ yára, ìgbà tó bá tọ́ lójú yín ni.

Èmi ni ọmọ yín, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tiyín fún ọdún mẹ́ta,
Limota Badmus.

Àfikún: Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ gan-an ni mo gbàgbé láti kọ. Mo ti kìlọ̀ fún Uthman pé lẹ́tà yìí kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la kó tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, torí ọrún òní ni wọ́n ń bọ̀. Bó bá jẹ́ èmi àtijọ́ ni mo kà á, ọjọ́ Jímọ̀ ló máa bọ́ sí, wọ́n á sì ti padà sí Èkó. Mi ò ní kà á fún yín. Uthman á ti gbé ọkọ̀ dúró níwájú ilé yín láago méje àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti nu àga yín. Ẹ na ìka yín, Màmá, kí ẹ kà á. Òní ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.