Aláṣọ Pupa Tuntun àti Àga Ẹnu Ọ̀nà

Bàbá mi, Bàbá Géèmù gbogbo Sábó,

Ẹ kú ibẹ̀ o. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn níbi tí ẹ wà, torí náà ẹ gba èyí tí mo ní. Ara mi le. Màmá náà wà. Iná ò sí, bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ náà ló wà.

Ìròyìn kan wà tí mo mọ̀ pé ẹ máa fẹ́ gbọ́ ju ti ẹbí lọ. Aláṣọ Pupa, akọni inú géèmù yín, ti padà dé. Kì í ṣe ti àtijọ́, èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń fẹ́ atẹ́gùn sí nídìí bí ẹni ń fẹ́ná kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn tó ṣe é lókè òkun ti tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú síídì ló wà báyìí. Wọ́n fún un ní àyà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn gáréèjì, irun rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, idà rẹ̀ sì gùn débi pé tó bá fà á yọ ní Sábó, wọ́n á gbọ́ ọ ní Òde Rẹ́mọ. Àbúrò yín tó wà ní Ítálì ló fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ tuntun. Wọ́n fi aṣọ òkìrìkà wé e bí ọmọ jòjòló.

Kí n tó sọ bí àwọn èèyàn ṣe gbà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe rí. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mò ń ṣí i lójoojúmọ́ tí mo bá ti ilé ìwé dé. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ Sábó ti mọ ti àtijọ́ yẹn sórí. Sàká, ẹ rántí rẹ̀, ẹni tó ń di obì sínú apẹ̀rẹ̀ fún Àlájì, lè fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ta á kó sì máa jẹ ẹ̀bà lọ. Tí èèyàn bá ti mọ ibi tí ọ̀tá máa gbà yọ, kí ló tún fẹ́ wá jà fún? Wọ́n ń dín kù, wọ́n ń dín kù, ó wá ku èmi àti ewúrẹ́ kan tó máa ń sùn lẹ́nu ọ̀nà. Ewúrẹ́ yẹn ò sì mọ géèmù ta.

Màmá ní ká gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún Àlájì kí wọ́n máa kó obì sí. Ẹ mọ̀ pé láti ìgbà tí ẹ ti lọ, Màmá ò wọ ibẹ̀ rí. Tí wọ́n bá ń kọjá, òdì kejì títì ni wọ́n máa ń gbà, wọ́n á kọjú síwájú bí ẹni tí wọ́n so lọ́rùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí Aláṣọ Pupa tuntun dé ná. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní tí obì tuntun bá ti ń wọlé láti oko tí ṣọ́ọ̀bù ò bá tíì kún, ó di ti obì. Wọ́n fi Rẹ́mọ pọ́ńbélé sọ ọ́. Tí Màmá bá ti fi Rẹ́mọ sọ nǹkan, ẹ̀yin náà ò jẹ́ janpata.

Àga yín ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, èyí tí apá rẹ̀ kan ti yẹ̀. Mo fi fìlà yín lé e lórí. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, ojú nìkan ni mo fi máa ń wò ó, ó ti tó.

Nígbà tí géèmù tuntun yìí dé, ọmọ kan tó ń jẹ́ Dípọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ gíga tí ìjọ wọn dá sílẹ̀ lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́. Ó mú magasíìnì òkè òkun kan wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó ń kà á fún wa wàràwàrà torí oòrùn ti fẹ́ wọ̀, tó bá sì wọ̀, ọjọ́ ìsinmi wọn ti dé, kò gbọdọ̀ sí níbi géèmù. Àwọn tó kọ ìwé yẹn gbé Aláṣọ Pupa gẹ̀gẹ̀. Wọ́n ní akọni náà ti jíǹde, pé irú rẹ̀ ò sí, pé kí ẹni tó bá ní ojú wá wò ó. Èyí tí wọ́n yìn jù ni káàdì kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀rọ náà. Káàdì yìí máa ń rántí ibi tí èèyàn bá dé. Tó o bá kú, ibi tó o dé náà lo máa jí sí, o ò ní padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì tó jẹ́ Sátidé, gbogbo Ṣàgámù ló wá. Mo búra, àdúgbò Ijoku ṣófo. Àwọn kan gun orí ògiri, àwọn kan gun orí àwọn tó wà lórí ògiri. Sàká jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó mú páàdì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ dání.

Nígbà tó yá, ó ní, “Kí ló dé tó ń kọ ẹ̀yìn sí wa?”

Òótọ́ ni. Ti àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ la máa ń rí, ó ń lọ láti òsì sí ọ̀tún, gbogbo ilé á jọ máa bá a sáré. Tuntun yìí, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ayé ń yí po lórí tẹlifíṣọ̀n, òyì sì ń kọ́ àwọn tó ń wò.

“Ṣé a jọ jà ni?” Sàká tún bi í, bí ẹni pé á dáhùn. “Mo ti ń bá ẹ ṣeré láti kékeré o.”

Àwọn tó ń ṣa obì lọ́dọ̀ Àlájì náà dá sí i. Ẹ mọ̀ wọ́n, obì ni wọ́n fi ń wọn gbogbo ayé. Ọ̀kan ní ó dán lóde, kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ìkejì ní kì í ṣe kòkòrò, wọ́n tètè ká a ni, kò tíì gbó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ yẹn bí ìgbìmọ̀ ọba.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ máa gbè lẹ́yìn? Ẹ máa ń sọ pé ojú Aláṣọ Pupa jọ tiyín. Tẹ́ ẹ bá rí i tó kọ ẹ̀yìn sí yín, kí lẹ máa sọ?

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn tó kọ sí wa kọ́ ló fẹ́ ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́. Káàdì ni. Ẹ rántí òfin yín: ẹni tó bá kú, kó fi àga sílẹ̀ fún ẹlòmíì. Kò sí ẹni tí ẹ kò lò ó fún. Ẹ lò ó fún ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín, tẹ́ ẹ bá kú níbi afárá inú géèmù, ẹ máa dìde, ẹ máa gbọn ṣòkòtò yín bí ẹni jókòó sínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ máa padà sórí àga ẹnu ọ̀nà. Òun ló ń mú kí ìlà àwọn tó fẹ́ ta géèmù máa lọ. Sàká wá kú, káàdì jí i. Ó tún kú, káàdì tún jí i.

Mo ní, “Sàká, o ti kú. Dìde.”

“Èmi?” Kò tiẹ̀ wo ojú mi. “Ọmọ Bàbá Géèmù, o ti rí òkú tó ń rìn rí? Wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń rìn.”

Ó jókòó títí àwọn tó wà lórí ògiri fi sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ jẹun. Oúnjẹ wo ni wọ́n ń jẹ tí wọn ò padà wá mọ́?

Lọ́jọ́ Àìkú ni Dípọ̀ dé, ó ní ará oko ni gbogbo wa, a ò mọ nǹkan tó dáa. Ó ní wọ́n ní tiwọn nílé, òun ti ta á láti alẹ́ àná, ó dùn débi pé òun gbàgbé láti jẹun.

Sàká ní, “Ta ló jókòó tì ẹ́?”

“Kò sí. Èmi nìkan ni.”

“Ẹ gbọ́ ná. Ó dá ayò ta, ó wá ń pariwo pé òun jẹ.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Dípọ̀ ká magasíìnì rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ohun tí Dípọ̀ sọ yé mi. Àwọn tó kọ ìwé yẹn, ilé wọn ni kálukú wọn jókòó sí. Kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n. Kò sí ẹni tó ń kànkùn. Ó dùn fún wọn lóòótọ́, wọn ò purọ́. Àwọn tó ṣe é ò kàn mọ̀ pé ibì kan wà tó ń jẹ́ Sábó.

Bí ṣọ́ọ̀bù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú nìyẹn. Obì tuntun dé. Àlájì wá wo ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọn ògiri dé ògiri, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n sì ń ṣírò apẹ̀rẹ̀ lójú. Sàká ló wà lórí àga iwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà. Àwọn mélòó kan tó ṣẹ́ kù dúró síta nínú oòrùn. Ó kú, ó jí. Mo ní kó dìde.

Ó ní, “Kí ẹni tó kọ́kọ́ kú kọ́kọ́ dìde.”

Ó fi orí júwe àga yín.

“Bàbá ló ṣe òfin, àbí àwọn kọ́? Wo àga wọn níbẹ̀, ó ń gba àyè. Àwọn èèyàn ń dúró sínú oòrùn nítorí fìlà.”

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Àlájì dá ẹsẹ̀ dúró láàárín ilé. Sàká náà gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó ń họ etí. “Má bínú. Ẹnu mi ló yọ̀.”

Mi ò sunkún o. Èéfín jẹnẹrétọ̀ pọ̀ lọ́jọ́ náà, ojú gbogbo èèyàn ló ń ta. Mo lọ síbi ẹ̀rọ, mo yọ káàdì, mo fi í sápò. Mo gbé fìlà yín kúrò, mo fi í kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo wá wọ́ àga náà wọlé. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ, ó tó ti ọba mẹ́ta.

Àṣé Màmá wà ní òdì kejì títì. Ariwo wa kì í dí wọn lọ́wọ́, ìdákẹ́jẹ́ ló bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n sọdá, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́ bí ẹni rí ewúrẹ́ tó ń wàásù?”

Mo ní, “Mọ́mì, mò ń wá ẹni tó máa jókòó.”

Wọ́n wo àga. Wọ́n wo fìlà lórí ìṣó. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n fọwọ́ gbọn orí àga náà, wọ́n jókòó.

Sàká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò dé ibì kankan. Níbi afárá àkọ́kọ́, wọ́n gún un, ó ṣubú sómi.

Màmá ní, “Ó kú. Dìde.”

Ohùn yín gan-an ni. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn ni, àbí láti òdì kejì títì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní gbogbo ọdún yẹn? Sàká dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ìlà ti ń lọ. Dípọ̀ ní ohun tí a ṣe sí géèmù yẹn, tí àwọn tó kọ ìwé bá rí i, wọ́n á sunkún. Ó sọ ọ́ tán, ó jókòó, ó kú níbi afárá, ó dìde. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì sí ọmọ Sábó kan tó kọjá afárá kejì. Ìwé Dípọ̀ sọ pé òpin rẹ̀ dùn gan-an. A ti gbọ́. Àwọn tó ń ṣa obì ti yí ẹjọ́ wọn padà, wọ́n ní ó ti ń gbó bọ̀. Sàká ò yí tirẹ̀ padà pátápátá. Ó ní kò tó ti àtijọ́, àmọ́ ó ti ń pa wá dáadáa.

Yàrá ẹ̀yìn la fún Àlájì. Ibi gbogbo ń run obì, títí kan páàdì. Màmá máa ń bá wọn ṣa díẹ̀ lórí àga náà, wọ́n á ju èyí tó ní kòkòrò sọ́tọ̀ láìwo ọwọ́, ojú wọn á wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Fìlà yín ṣì wà lórí ìṣó. Mo máa ń gbọn eruku rẹ̀.

Ẹ má bínú pé a ti gba àga yín. Òfin yín náà ni.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tí ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì, tó ṣì ń fẹ́ ti àtijọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ ta á mọ́.